Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́ Ẹnubodè? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìmúnisìn Láti Ọjà Ìkọ̀tún

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2019 ni mo lọ ra ìrẹsì lọ́jà Ìkọ̀tún. Lọ́dọ̀ ìyá tí mo máa ń rà á, àpò méjì péré ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nírú àsìkò ọdún bẹ́ẹ̀, àpò wọn a máa ga débi pé ẹ ò ní rí wọn lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti tú ọ̀kan, wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n fún àwọn tí apá wọn ò ká odindi àpò mọ́. Mo bèèrè iye tí àpò jẹ́. Ó ti lé ní ₦20,000. Mo ní kí wọ́n bá mi dín in kù díẹ̀. Wọ́n mirí. "Ọmọ mi, kì í ṣe ẹjọ́ mi. Wọ́n ti bọ́dà pa. Ẹni tó tì í ni ká lọ bá."

Obìnrin kan tó ń dúró gba kóńgò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló tẹ̀ lé e. Yorùbá Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin, ló ń sọ. Ó ní tòmátì àti ọ̀pẹ òyìnbó àwọn àgbẹ̀ ilé àwọn ń jẹrà sínú ọkọ̀ ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu àwọn ènìyàn níbẹ̀: "Ẹ̀ ń sọ pé òyìnbó mú yín sìn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yin gan-an lòyìnbó." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìyá oníràìsì wọn kóńgò rẹ̀ fún un, wọ́n bu ènì lé e, ó san owó, ó lọ.

Mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Nínú dánfó tó ń ná Ìyànà Ìpájà sí Ẹ̀gbẹ́dá, Ìkọ̀tún àti Ìgandò, kò sọ́jọ́ tí iyàn ìṣèlú kì í gbóná. Ní ọdún 2025, Amẹ́ríkà bu owó orí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà tó ń ti Nàìjíríà wá: wọ́n ní amúnisìn ni wọ́n. Ṣáínà yá wa lówó ọkọ̀ ojú irin: amúnisìn ni wọ́n. Faransé ń ṣọ́ owó àwọn aládùúgbò wa: amúnisìn ni wọ́n. Ohun yòówù tó bá ti dùn wá, orúkọ kan náà la ń sọ ọ́. Bí a bá wá ń pe gbogbo ìyà ní ìmúnisìn, lọ́jọ́ tí ìmúnisìn gidi bá dé, kí la ó pè é? Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀: ìgbà wo gan-an ni ìlànà ìjọba kan sí ilẹ̀ mìíràn, pàápàá lórí òwò, ń di ìmúnisìn? Ǹjẹ́ obìnrin Àjàṣẹ́ yẹn jàre?

Òṣùwọ̀n tó wà nílé

A ò ní láti yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti mọ bí ìlú ṣe ń mú ìlú sìn. Lẹ́yìn tí ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti ya wọ Dàhòmì lọ́pọ̀ ìgbà, Dàhòmì gbà ní ọdún 1730 láti máa sin Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń sìn ín títí di nǹkan bí ọdún 1823 tí Ọba Gezo já ara rẹ̀ gbà. Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún gba agbára kúrò lọ́wọ́ Baṣọ̀run Gáà ní ọdún 1774, ọ̀nà òwò tó la ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà ni Ọ̀yọ́ gbájú mọ́. Ẹrú ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kó gba ọ̀nà náà, kò sì yẹ ká fi èyí pa mọ́ bí a bá ń sọ ìtàn àwọn baba wa.

Ẹni tó bá wo bí Ọ̀yọ́ ṣe ń ṣe é yóò rí ohun mẹ́ta. Èkíní ni ajẹ́lẹ̀: ẹni tí Aláàfin rán wá jókòó sínú ìlú rẹ, tí ọba rẹ kò gbọdọ̀ ré ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá. Èkejì ni ìsìn: ọrọ̀ tó ń lọ sápá kan ṣoṣo lọ́dọọdún, tí kì í ṣe ìwọ lo dá iye rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹnubodè: ta ló ń gba owó níbẹ̀, ta ló ń ṣí i, ta ló ń tì í? Abẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ìbéèrè kan wà tí mo kà sí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà: ǹjẹ́ ẹni tó kéré lè sọ pé "rárá" kó sì yè é? Bó bá lè sọ ọ́, ìdúnàádúrà ni, bó ti wù kó korò tó. Bí kò bá lè sọ ọ́, ìmúnisìn ti wọlé, kódà kí wọ́n máa pè é ní ọ̀rẹ́.

Èkó àti Ìjẹ̀bú: ẹjọ́ tí kò le

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n yìí wọn ohun tí gbogbo wa ti gbà pé ìmúnisìn ni. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fún Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n dá Akítóyè padà. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn: òwò ẹrú ti parí, ọ̀nà ṣí fún àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn míṣọ́nnárì. Ní 1853, Benjamin Campbell dé gẹ́gẹ́ bíi kọ́ńsù. Kò joyè kankan ní Èkó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ká ààfin ju ti ọ̀pọ̀ ìjòyè lọ. Kí ni ajẹ́lẹ̀ bí kì í bá ṣe èyí? Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, tí ìbọn ọkọ̀ ogun Prometheus ti dojú kọ ìlú, Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó lé Ọbabìnrin Victoria lọ́wọ́. Wọ́n ṣètò owó ọdọọdún fún ọba, wọ́n sì gba owó ẹnubodè èbúté fún ara wọn. Láti orí owó ẹnubodè yẹn ni wọ́n ti ń bọ́ ìjọba tuntun náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn onímọ̀ ìtàn ti jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Ìtàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ni pé nítorí àtifòpin sí òwò ẹrú ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò nínú ìwé àtìgbàdégbà Nigeria Magazine ní ọdún 1961, ó sì fi hàn pé òwò Gẹ̀ẹ́sì àti agbára lórí ọ̀nà tó wọ inú ilẹ̀ lọ ní ọwọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, ní 1953, John Gallagher àti Ronald Robinson ti kọ pé àṣìṣe ni ká máa rò pé ìgbà tí wọ́n bá ta àsíá nìkan ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀. Lójú tiwọn, ibi tí òwò lásán bá ti lè ṣe iṣẹ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì a fi òwò ṣe é. Ibi tí kò bá ti ṣeé ṣe ni wọ́n ń ta àsíá sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Èkó rí: bí ọdún mẹ́wàá ló fi wà lábẹ́ agbára Gẹ̀ẹ́sì kí àsíá tó dé, ìmúnisìn sì ti wà nínú ilé ní gbogbo ọdún mẹ́wàá náà.

Ti Ìjẹ̀bú tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìjẹ̀bú ló wà lójú ọ̀nà láàárín Èkó àti Ìbàdàn, wọ́n ń gba owó ẹnubodè, wọ́n sì ń ti ọ̀nà nígbà tó bá wù wọ́n. Ó dun àwọn oníṣòwò Èkó, ó dun Ìbàdàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, Gómìnà Carter rán ọmọ ogun sí wọn pẹ̀lú ìbọn Maxim, ogun náà sì parí sí Ìmágbọn. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi gbé ogun náà ni pé kí ọ̀nà ṣí, kí òwò máa lọ ní fàlàlà. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀ níbí kọ́ ni amúnisìn. Ẹni tó fi ìbọn ṣí i ni. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn títí a ó fi padà dé Sẹ̀mẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ìlú sọ pé rárá

Lẹ́yìn òmìnira, ajẹ́lẹ̀ pa dà sílé, ṣùgbọ́n àwọn kan ní ìsìn kò lọ. Kwame Nkrumah kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1965, ó ní ìlú lè ní àsíá àti orin orílẹ̀-èdè kí ètò ọrọ̀ ajé rẹ̀ sì máa gba àṣẹ láti ìta. Walter Rodney tẹ̀ lé e ní 1972, ó ní bí Yúróòpù ṣe ń ga ni Áfíríkà ń kéré, àti pé ohun kan náà ló fa méjèèjì.

Àpẹẹrẹ tí àwọn àgbà Alimọ́ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, fi ara gbá jù lọ ni ti SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé. Ní ọdún 1985, ìjọba Babangida ní kí gbogbo ìlú jíròrò lórí bóyá ká yá owó lọ́wọ́ àjọ IMF. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn ìyálọ́jà sọ̀rọ̀: rárá. Ìjọba gbà, wọ́n ní àwọn ò ní yá a. Nígbà tó di àárín ọdún 1986, ètò SAP dé, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí IMF ti ń bèèrè. Náírà tó ju dọ́là lọ ní 1985 ti sọ̀ kalẹ̀ débi pé nígbà tó di 1987, bíi náírà mẹ́rin ni wọ́n ń fi ra dọ́là kan. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ra èròjà láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Ṣé ìmúnisìn ni? Ẹgbẹ́ kan ní bẹ́ẹ̀ ni: a sọ pé rárá, rárá náà kò sì gbà wá. Ẹgbẹ́ kejì ní kò sẹ́ni tó fi ìbọn mú Nàìjíríà jẹ gbèsè; nígbà tí owó epo ń ya wọlé la ná an ní ìná àpà, onígbèsè kì í sì í yan bí wọ́n ṣe máa sin ín. Mo rò pé ìdajì òtítọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbèsè náà, ọwọ́ wa ló fà á. Ṣùgbọ́n ìlú tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, tó dá ara rẹ̀ lóhùn, tí ìdáhùn rẹ̀ kò sì yí nǹkan padà, nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó tún yẹ ká fi kún un ni pé ìjọba tiwa ló gba ọwọ́ ẹ̀yìn gbé e wọlé. Ọ̀yọ́ náà mọ̀ pé ìlú kì í rọrùn láti mú sìn bí kò bá sí ará ilé tó ń ṣílẹ̀kùn.

Òkìríkà Kàtàǹgówà

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọ̀rọ̀ òwò ayé pẹ̀lú ojú yín, ẹ lọ sí ọjà Kàtàǹgówà ní Agbádò/Òkè-Odò láàárọ̀ kùtù. Àwọn ọmọkùnrin á gbé bẹ́ẹ̀lì lulẹ̀, ọ̀bẹ á gba ojú ọ̀rá rẹ̀, aṣọ á sì wú jáde bíi búrẹ́dì tí ìwúkàrà ti ṣiṣẹ́ sínú rẹ̀. Kí ẹ tó mí lẹ́ẹ̀kan, àwọn obìnrin ti yí i ká, wọ́n ń fa àwọn tó dára jù yọ. Èyí tó kù á di bẹ́ńdáàn, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ṣà á nílẹ̀. Ọ̀rúndún mélòó ni a ti ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò? Àwọn tó fi èyí ránṣẹ́ sí wa ti wọ aṣọ wọn sú.

Nàìjíríà ka òkìríkà, aṣọ àlòkù òkè òkun, sí ọjà èèwọ̀, Kọ́sítọ́ọ̀mù sì máa ń gbẹ́sẹ̀ lé e. Ọ̀nà Kútọnu ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ní ìlà oòrùn Áfíríkà, ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ìjọba sí ìjọba. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ fẹnu kò láti máa dín òkìríkà kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán, kí àwọn aránṣọ tiwọn lè rí iṣẹ́ ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta aṣọ àlòkù ní Amẹ́ríkà fẹjọ́ sùn ní 2017, ìjọba Amẹ́ríkà sì ní òun yóò tún wo ipò àwọn orílẹ̀-èdè náà lábẹ́ òfin AGOA, òfin ọdún 2000 tó jẹ́ kí ọjà láti Áfíríkà wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ẹnubodè. Kẹ́ńyà yà kúrò nínú rẹ̀. Tàǹsáníà àti Ùgáńdà dẹwọ́. Rùwáńdà nìkan ló dúró, ní oṣù Keje ọdún 2018, Amẹ́ríkà sì gba àǹfààní AGOA lórí aṣọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó gbèjà Amẹ́ríkà ní ẹ̀bùn ni AGOA, olóore sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ohun tó fẹ́. Wọ́n ní òkìríkà ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó sì ń bo àwọn tálákà láṣọ. Òtítọ́ ni èyí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń tọ́ ọmọ mẹ́rin ní Alimọ́ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín Kẹ́ńyà àti Rùwáńdà. Ìfẹ́ ìlú kọ́ ni Rùwáńdà fi ju Kẹ́ńyà lọ. Aṣọ tí Kẹ́ńyà ń tà sí Amẹ́ríkà pọ̀, ti Rùwáńdà kéré. Èyí tó ní púpọ̀ láti pàdánù ni kò lè sọ pé rárá. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀bùn ti di okùn lọ́rùn ẹni tó gbára lé e jù. Mi ò ní pe AGOA ní ìmúnisìn látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi í ṣe ní 2018 ní àmì rẹ̀ lára.

Ti Ṣáínà kò gba àkókò púpọ̀. Wọ́n yá wa lówó fún ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ sì ń rìn lórí rẹ̀ láti 2021. Kò sí ajẹ́lẹ̀ Ṣáínà ní Abùjá. Ibi tó yẹ ká fojú sí ni ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn. Ní 2020, àwọn aṣòfin wa kan pariwo pé gbólóhùn kan wà nínú àdéhùn owó yíyá tó ní Nàìjíríà kò ní lo ipò òmìnira rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààbò bí gbèsè bá dẹ́jọ́. Ìjọba ní bí wọ́n ṣe ń kọ àdéhùn gbèsè káàkiri ayé nìyẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé tí àwọn aṣòfin kò kà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ni ìṣòro, ilé wa sì ni ìṣòro yẹn wà.

Owó tí obìnrin Àjàṣẹ́ kó sínú pọ́ọ̀sì

Obìnrin tó bá mi dúró ní Ìkọ̀tún, owó méjì ló máa ń wà lápò rẹ̀: náírà àti sẹfá (CFA) tí wọ́n ń ná ní Benin. Faransé ló dá sẹfá sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1945, òun ló sì fi ìdè so ó mọ́ owó tirẹ̀, tó fi di ti yúrò lónìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, iye rẹ̀ já sí ìdajì lóòjọ́ kan. Àwọn ìyálọ́jà Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ jí, owó tí wọ́n tọ́jú sábẹ́ ibùsùn sì ti di àbọ̀ níwájú ọjà òkèèrè. Ní ọdún 2019, àwọn aṣojú Faransé ṣì ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ wọn, ìdajì owó òkèèrè tí wọ́n bá ní sì ṣì wà nílé ìṣúra Faransé.

Ajẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà náà, ìṣúra wọn sì wà nílé ẹlòmíràn. Àwọn tó ń gbèjà sẹfá ní kì í wó lulẹ̀ bíi náírà wa, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti tọ́jú náírà láti 1985 mọ̀ pé wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ìdùnnú ẹrú tí olówó rẹ̀ ń bọ́ dáadáa kì í sọ ọ́ di ọmọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2019, Ààrẹ Macron ti Faransé àti Ààrẹ Ouattara ti Ivory Coast kéde ní Àbíjàn pé aṣojú Faransé yóò kúrò nínú ìgbìmọ̀ náà, owó tí wọ́n ń tọ́jú sí Faransé yóò sì dáwọ́ dúró. Ẹ wo àkókò náà: ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì tí bọ́dà wa wà ní títì pa ni. Bí Faransé ti ń tú okùn rẹ̀ díẹ̀ lọ́rùn obìnrin yẹn, Nàìjíríà ló ń fún tirẹ̀ le.

Ẹ̀yin gan-an lòyìnbó

A ti dé ìdí ọ̀rọ̀ náà wàyí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọjà. Nígbà tí Ààrẹ Buhari àti Ààrẹ Talon ti Benin pàdé ní Yokohama nílẹ̀ Japan lóṣù kan náà, ọ̀rọ̀ fàyàwọ́ ìrẹsì ni Buhari gbé kalẹ̀.

Ẹjọ́ Nàìjíríà kò ṣófo. Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó pa á, èyí tí a fẹ́ràn nílé wa, kì í ṣe oúnjẹ tí àwọn ará Benin ń jẹ púpọ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ òkun ń kó o wá sí Kútọnu lọ́pọ̀ yanturu. Gbogbo ayé mọ ibi tó ń lọ. Nàìjíríà ti fòfin de ìrẹsì láti orí ilẹ̀ ní 2016, èbúté aládùúgbò wa sì ń pawó lórí rírú òfin náà. Àgbẹ̀ Kẹ́bbí tàbí ti Ọ̀fàdà tó gbin ìrẹsì lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ìjọba rẹ̀ dáàbò bò ó. Ẹ rántí Ìjẹ̀bú: ẹni tó ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀ kọ́ ni amúnisìn.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó fi èyí parí ẹjọ́ nìyí. Ohunkóhun tí Ìjẹ̀bú bá gbà ní 1892, lábẹ́ ìhàlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ló bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ mulẹ̀ pé òun ó ṣí ọ̀nà. Èkó níbí gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tó dá ECOWAS sílẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ní Niamey, Buhari tún fọwọ́ sí àdéhùn òwò fàlàlà jákèjádò Áfíríkà. Ọ̀sẹ̀ méje kò sí láàárín ìfọwọ́sí yẹn àti ọjọ́ tí bọ́dà tì. Ẹni tó ń ṣe fàyàwọ́ ìrẹsì àti àgbẹ̀ tó gbin tòmátì, ìjìyà kan náà ni wọ́n jẹ. Ọkọ̀ àwọn oníṣòwò Gánà há sí Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú ọjà tí òfin kò dè, wọ́n bínú, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Àkírà àti Kùmásì. Ìyà náà kò sì mọ sí òdìkejì. Ní oṣù Kọkànlá, Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí bọ́dà. Ará Ìdírókò àti Bàdágìrì, ọmọ Nàìjíríà pọ́ńbélé, ni wọ́n fi ìyẹn jẹ níyà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn tún tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Níger ní oṣù Keje ọdún 2023, Nàìjíríà já iná mànàmáná tó ń lọ síbẹ̀. Bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí wọ́n ń lò ló ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Àwọn ológun ló ṣẹ̀, àwọn aláboyún ní ilé ìwòsàn ni òkùnkùn bá. Níger, Málì àti Bùkínà Fásò ti kúrò nínú ECOWAS láti oṣù Kìíní ọdún 2025.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ajẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kò sí. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú wa tó wọ Benin ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 nígbà tí àwọn ọmọ ogun kan fẹ́ gbàjọba, ìjọba Benin ló ké sí wọn. Ìsìn ńkọ́? Kò sí. Benin kò san ìsìn kankan fún wa, kódà epo wa tó di kpayó (epo fàyàwọ́) létí ọ̀nà wọn ti bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀. Ẹnubodè ńkọ́? Ó wà. Àwa nìkan la mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání, a ń ṣí i, a ń tì í, láìkìlọ̀, láìkan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Nígbà tí ìrànwọ́ orí epo sì parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó kpayó gbéra ní Kútọnu lórí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kan sọ ní Abùjá.

Ìdájọ́ mi ni pé Nàìjíríà kì í ṣe amúnisìn. Nínú àmì mẹ́ta, méjì kò sí lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta wà, ó sì wà gidigidi. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí Èkó nìyẹn: ọ̀rọ̀ ọjà ló kọ́kọ́ gbé wá, ajẹ́lẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń sọ pé Áfíríkà ò lè mú Áfíríkà sìn ti gbàgbé Ọ̀yọ́ àti Dàhòmì.

Ta ló bi Alimọ́ṣọ́?

Ohun kan wà tí mi ò rí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àgbéyẹ̀wò yìí, tó wá hàn sí mi bí mo ti ń wọn ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè "ta ló lè sọ pé rárá" kò dúró sí bọ́dà. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alimọ́ṣọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tiẹ̀ ní a jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo ni gbogbo wa ní ní Abùjá. Àṣẹ ló ti bọ́dà ní 2019. Kì í ṣe òfin tí àwọn aṣòfin jókòó jíròrò. Ẹnikẹ́ni kò bi ìyá oníràìsì, wọn ò bi àwọn tó ń ṣí bẹ́ẹ̀lì ní Kàtàǹgówà, wọn ò sì bi àgbẹ̀ ìrẹsì pàápàá bóyá títì ló nílò àbí ọ̀nà mọ́tò tó dára láti oko rẹ̀ dé Èkó. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ẹnubodè mẹ́rin ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020, a kò gbọ́ ìṣirò ohun tí títì náà mú wá àti ohun tó kó lọ. Owó ìrẹsì kò sì padà síbi tó wà.

Ìjọba tí kì í bi ará ilé rẹ̀ kí ó tó tilẹ̀kùn kò lè rántí láti bi aládùúgbò. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí Amẹ́ríkà má fi AGOA so wá lọ́rùn, kí Ṣáínà máa kọ àdéhùn tó ṣeé kà, ohun mẹ́rin ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ Abùjá: kí wọ́n kìlọ̀ kí wọ́n tó ti ẹnubodè, kí àwọn aṣòfin jíròrò rẹ̀ ní gbangba, kí aṣojú Alimọ́ṣọ́ sì wá jíhìn ibi tó dìbò sí, kí ẹni tó tọ̀nà òfin, ìbáà jẹ́ ará Àjàṣẹ́, ní ibi tí yóò ti gba owó ọjà rẹ̀ tó bàjẹ́.

Arábìnrin mi, mo jẹ yín ní èsì láti ọdún 2019. Àwa kọ́ ni òyìnbó, ṣùgbọ́n ẹ kò parọ́ mọ́ wa. Ọwọ́ kan náà tó ti ilẹ̀kùn mọ́ tòmátì yín ní Sẹ̀mẹ̀ ló jẹ́ kí àpò ìyá oníràìsì ku méjì. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kí ẹ tó gbé kóńgò yín lọ.